CRP ga, ESR ga, síláìdì ibà mọ́: ṣé a lè fi èyí mọ̀ pé aràn ni?

Láàbù-Ẹ̀gbá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Àbájáde ẹ̀jẹ̀ kan wà níwájú mi tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò kí n tó fọwọ́ sí i.

Ọkùnrin ni, ọmọ ọdún 23, Èkó ló ń gbé, ó wá kí àwọn ẹbí rẹ̀ ní Abẹ́òkúta. Ara rẹ̀ ti ń gbóná láti ọjọ́ 9, pàápàá tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú. Ó ń wú ikọ́ gbígbẹ, ara ń yún un, ara rẹ̀ á sú, á tún pòórá. A ti yẹ síláìdì ibà wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kò sí nǹkan, RDT (àyẹ̀wò ibà kíákíá) náà kò mú nǹkan. Níbi tó ti kọ́kọ́ lọ, wọ́n ṣe Widal (àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún tàífọ́ọ̀dù) fún un, ó jáde ní 1:80, wọ́n ní tàífọ́ọ̀dù ni. Ó ti lo ciprofloxacin fún ọjọ́ 5, ara kò tíì balẹ̀.

Ohun tí a rí nìyí:

CRP (èròjà ẹ̀jẹ̀ tó ń ga bí ara bá ń bá nǹkan jà): 48 mg/L, kíìtì latex orí síláìdì
ESR (bí sẹ́ẹ̀lì pupa ṣe ń yára rọ̀ sílẹ̀ nínú igi): 62 mm ní wákàtí 1
PCV (ìdá sẹ́ẹ̀lì pupa nínú ẹ̀jẹ̀): 38%
WBC (iye sẹ́ẹ̀lì funfun): 11.2 × 10⁹/L. Lymph 24%, Mid 29%, Gran 47%. Ẹ̀rọ fi àmì ìkìlọ̀ sí Mid.
Ìgbẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo: kò sí ẹyin, kò sí aràn. Ìtọ̀: kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí ẹyin.

Dókítà tó fi í ránṣẹ́ ń béèrè bóyá CRP àti ESR tó ga yìí lè jẹ́ ti kòkòrò àfòmọ́, kó lè bẹ̀rẹ̀ oògùn. Ó tún ti kọ prednisolone (oògùn steroid) sílẹ̀ nítorí ara yíyún náà, ṣùgbọ́n wọn kò tíì rà á. Kí ni kí n kọ sí ìsàlẹ̀ ìwé?

Awòsíláìdì

Ẹ kú iṣẹ́. Kí a tó dé orí aràn, ẹ jẹ́ kí a yẹ nọ́ńbà wọ̀nyẹn wò, torí méjì nínú wọn kò rí bí ìwé ṣe gbé wọn jáde.

Àkọ́kọ́ ni CRP. Kíìtì latex kì í wọn CRP bí ẹ̀rọ ṣe ń wọ̀n ọ́n. Hóró latex ń dì pọ̀ bí CRP bá wà; ohun tí kíìtì ń sọ ni ibi tí dídì náà ti parí. Kíìtì tó pọ̀ jù lọ́jà bẹ̀rẹ̀ sí í dì láti 6 mg/L. Ó dájú pé ẹ fi omi iyọ̀ la omi ẹ̀jẹ̀ náà ní 1:2, 1:4, 1:8 àti 1:16, 1:8 ló dì kẹ́yìn, ẹ wá fi 6 sọ 8 di 48. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé CRP rẹ̀ wà láàárín 48 sí 96, kì í ṣe pé ó jẹ́ 48 gééré. Ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún dókítà. Ìṣẹ́jú 2 ni kí ẹ fi mi síláìdì náà, kí ẹ kà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Tó bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀, etí rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, gbígbẹ náà á sì jọ dídì lójú. Ẹ rántí pé bí CRP bá pọ̀ rẹpẹtẹ nínú omi ẹ̀jẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò là, ó lè ṣàìdì rárá. Aláìsàn tí ara rẹ̀ ń jó fòfò á wá gba ìwé tó sọ pé kò sí nǹkan. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń ní kí gbogbo láàbù máa la ọ̀kan mọ́ ọn, kódà bí èyí tí a kò là kò bá dì.

Ìkejì, tó ṣe pàtàkì jù, ni Mid 29% yẹn. Ẹ̀rọ tó ń pín sẹ́ẹ̀lì funfun sí ọ̀nà mẹ́ta kò mọ eosinophil (sẹ́ẹ̀lì funfun tí aràn máa ń gbé sókè) lórúkọ. Bí sẹ́ẹ̀lì ṣe tóbi sí nìkan ló fi ń pín wọn, ó sì máa ń da monocyte, basophil àti eosinophil pọ̀ sínú Mid. Nígbà míì, apá kan eosinophil á tún bọ́ sínú Gran. Mid tó ga tó báyìí, tí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ sì fi àmì sí, kò ṣeé fọwọ́ sí láìfi ojú wo síláìdì. Eosinophil gan-an ni àmì tí dókítà ń wá, ó ti wà nínú ike ẹ̀jẹ̀ yín láti àárọ̀.

Ẹ ta ẹ̀jẹ̀ tín-ín-rín láti inú ike olómorí àlùkò, kó má ju wákàtí 2 lọ lẹ́yìn tí wọ́n fà á. Ẹ jẹ́ kó gbẹ dáadáa. Ẹ da aró Leishman bò ó, ìṣẹ́jú 2. Ẹ fi omi buffer pH 6.8 ìlọ́po méjì rẹ̀ kún un, ẹ fẹ́ ẹ díẹ̀ kó pò pọ̀, ìṣẹ́jú 8 sí 10, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ nu ẹ̀yìn síláìdì, kí ẹ gbé e dúró kó gbẹ. Ibi tí iṣẹ́ yìí ti ń bàjẹ́ jù ni omi. Bí ẹ bá fi omi kànga tàbí omi bọ́ọ̀hólù dípò buffer, ó sábà máa ń le sí apá alkaline. Gbogbo síláìdì á di búlúù rẹ́súrẹ́sú, hóró pupa-ọsàn inú eosinophil á ṣókùnkùn, ẹni tó ń kánjú á sì kà á mọ́ neutrophil. Eosinophil tó hàn dáadáa ní nucleus oníhà méjì, hóró inú rẹ̀ nípọn, wọ́n tóbi bákan náà, wọ́n kún inú sẹ́ẹ̀lì dé etí.

Ẹ ka 200 sẹ́ẹ̀lì, ẹ má dúró ní 100. Ẹni tí eosinophil rẹ̀ jẹ́ 5% ní tòótọ́ lè jáde ní 2% tàbí 10% bí ẹ bá ka 100 péré. Sẹ́ẹ̀lì ńlá máa ń sá sí etí àti ìrù síláìdì, nítorí náà ẹ máa lọ láti etí wọ àárín, kí ẹ tún padà sí etí. Ẹ má jókòó sí ojú kan. Lẹ́yìn náà, ẹ fi ìdá tí ẹ rí sọ WBC di púpọ̀. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ kọ, ẹ má kọ % nìkan, torí 8% nínú WBC 4.0 àti 8% nínú WBC 14.0 kì í ṣe ọ̀rọ̀ kan náà.

Ní ti Widal 1:80 tí wọ́n ṣe lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lágbègbè wa níbí kò fìdí tàífọ́ọ̀dù múlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ara rẹ̀ le koko ló ní i.

Dókítà-Òkè-Ọ̀nà

Awòsíláìdì ti sọ èyí tó nira jù. Ẹ jẹ́ kí n dáhùn ìbéèrè dókítà náà ní tààrà: rárá, CRP àti ESR kò lè sọ pé kòkòrò àfòmọ́ ni.

Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe CRP nígbà tí IL-6 (èròjà tí ara fi ń ké ìkìlọ̀) bá ké sí i, kò sì bìkítà nípa ẹni tó fa igbe náà. Ibà ẹ̀fọn, ìkọlù bacteria nínú ẹ̀dọ̀fóró, eéwo inú ikùn, iṣẹ́ abẹ, gbogbo wọn ló ń gbé e sókè. Á bẹ̀rẹ̀ sí í ga láàárín wákàtí 6 sí 8, á dé òkè téńté ní nǹkan bí wákàtí 48. Bí ohun tó fà á bá sì ti dáwọ́ dúró, á máa dín sí ìdajì ní nǹkan bíi wákàtí 19 sí ara wọn. Nítorí náà ó wúlò púpọ̀ láti fi mọ̀ bóyá ìtọ́jú ń ṣiṣẹ́. Àwọn kan máa ń sọ pé "CRP ga, bacteria ni, ẹ fún un ní antibiotic." Níbi tí ibà ẹ̀fọn bá wà, ọ̀rọ̀ yẹn kò dúró, torí ibà nìkan tó láti gbé CRP kọjá 100, ó sì ń gbé procalcitonin (èròjà míì tí wọ́n fi ń wá bacteria) náà sókè. Aràn tó ti fìdí kalẹ̀ nínú ìfun fún ọdún pípẹ́ ńkọ́? CRP ẹni tó gbé e lè wà ní 3.

ESR tún burú ju ìyẹn lọ. Àìtó ẹ̀jẹ̀ ń gbé e sókè, oyún ń gbé e sókè, ikọ́ ẹ̀gbẹ àti HIV ń gbé e sókè. Ẹni tó ní fòníkú-fọ̀ladìde, ESR rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ nígbà tí ara rẹ̀ ń jó, torí sẹ́ẹ̀lì pupa tó tẹ̀ kò lè tò lé ara wọn. Bí igi Westergren tí a fi ń wọn ESR bá sì fi digírì 3 péré yẹ̀ lórí ìdúró rẹ̀, ó lè fi nǹkan bí 30% kún un.

Eosinophil nìkan ló ń tọ́ka sí ẹbí kan. Ó ju 0.5 × 10⁹/L lọ, ó ga. Ó ju 1.5 lọ, ó ga gidi. Aràn tó ń rìn nínú ẹran ara ló ń gbé e sókè: ọmọ Ascaris àti ọmọ hookworm bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀dọ̀fóró kọjá, Strongyloides (aràn tín-ín-rín inú ìfun), Schistosoma (aràn inú omi tó ń fa ìtọ̀ ẹ̀jẹ̀), Loa loa, Onchocerca, Toxocara. Àwọn oní-sẹ́ẹ̀lì-kan kì í sábà gbé e sókè. Plasmodium, Giardia, Entamoeba histolytica, ẹ má retí eosinophil lọ́dọ̀ wọn. Ibà ẹ̀fọn tó ń jà lọ́wọ́ tilẹ̀ máa ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, á wá ga díẹ̀ lẹ́yìn tí aláìsàn bá ti lo oògùn tán. Bí ẹ bá rí eosinophil 0.7 lára ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo artemether-lumefantrine ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ dúró ná kí ẹ tó pariwo aràn.

Ẹ fi eéwo amoeba inú ẹ̀dọ̀ wé e kí ọ̀rọ̀ yìí lè yé wa. Kòkòrò àfòmọ́ ni òun náà. WBC á ga, neutrophil ló máa pọ̀ jù, CRP á fò sókè, ESR á ga, eosinophil á wà bó ṣe wà. Ìgbẹ́ sábà máa ń mọ́. Ẹni tó bá ń dúró de eosinophil kó tó ní kí wọ́n lọ fi ultrasound wo ẹ̀dọ̀ lè dúró títí eéwo náà á fi bẹ́. Nítorí náà eosinophil tí kò ga kò lé kòkòrò àfòmọ́ lọ. Aràn tó ń rìn nínú ẹran ara nìkan ló mú kó ṣòro láti gbà gbọ́.

Àwọn kan máa rò pé ìgbẹ́ àti ìtọ̀ tó mọ́ ti tako eosinophil tó ga. Kò takò ó rárá. Ìgbà tí aràn ń rìn ni eosinophil máa ń ga jù, ìgbà yẹn kò sì tíì yé ẹyin. Ọmọ Ascaris dé ẹ̀dọ̀fóró láàárín ọ̀sẹ̀ 1 sí 2 lẹ́yìn tí ènìyàn gbé ẹyin mì. Ẹyin tirẹ̀ kò ní hàn nínú ìgbẹ́ títí di nǹkan bí oṣù 2 sí 3. Tó bá yá, tí aràn náà dàgbà, tó jókòó jẹ́ẹ́ sínú ìfun, ẹyin á kún ìgbẹ́, eosinophil á ti wálẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni àsìkò ìkọ̀ọ̀kan.

Ẹ béèrè nǹkan mẹ́ta lọ́wọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà: omi wo ló wọ̀ láti ọ̀sẹ̀ 2 sí 10 sẹ́yìn, oògùn tàbí àgbo wo ló mu kí ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ṣé ó ní asthma tàbí ara tó máa ń kọ nǹkan. Oògùn tí ara kọ̀ ń gbé eosinophil sókè bí aràn.

Prednisolone yẹn, ẹ bá mi bẹ dókítà kó dá a dúró ná. Ó ń lé eosinophil kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín wákàtí díẹ̀, a ò ní ní àmì kankan mọ́. Bó bá sì jẹ́ Strongyloides ló wà lára rẹ̀, steroid lè sọ ọ́ di àjàkú: aràn náà ń bí nínú ara ẹni láìjáde síta, á tú ká gba ẹ̀dọ̀fóró àti ọpọlọ, á sì gbé bacteria inú ìfun dání. Lára irú aláìsàn bẹ́ẹ̀, eosinophil lè jẹ́ òdo. Òdo yẹn kì í ṣe ìròyìn ayọ̀.

Láàbù-Ẹ̀gbá

Ẹ ṣeun púpọ̀, ẹ̀yin ọ̀gá. Mo ti ta síláìdì tuntun, mo sì ka 200: neutrophil 45%, lymphocyte 26%, eosinophil 26%, monocyte 3%. Eosinophil × WBC jẹ́ 2.9 × 10⁹/L.

Mo béèrè nípa omi. Ó ní ọ̀sẹ̀ 5 sẹ́yìn, òun àti àwọn ọ̀rẹ́ òun lọ sí dáàmù Ọ̀yán, ní apá Ìmálà, wọ́n lúwẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án gangan, wọ́n pẹ́ nínú omi. Ara yún un lálẹ́ ọjọ́ yẹn, ó rò pé koríko ni. Kò mu oògùn kankan ṣáájú. Kò ní asthma.

Kẹ́míìsì-Sàpọ́n

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí a ò kàn fún un ní albendazole 400 mg àti ivermectin lẹ́ẹ̀kan náà, kí gbogbo aràn bá a lọ? Owó àyẹ̀wò ń pọ̀ fún àwọn ènìyàn.

Dókítà-Òkè-Ọ̀nà

Ẹ kú iṣẹ́ o, Kẹ́míìsì. Òótọ́ ni ọ̀rọ̀ owó. Ṣùgbọ́n méjèèjì kò kan Schistosoma, òun ni mo sì gbà pé ó wà níwájú wa báyìí. Albendazole ẹ̀ẹ̀kan kò tó fún Strongyloides pẹ̀lú. Ivermectin ló dára fún ìyẹn, 200 µg fún kílò kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbé nínú igbó kìjikìji tí eṣinṣin Chrysops wà, tí nǹkan ti rìn lójú rẹ̀ rí, tàbí tí apá rẹ̀ ń wú wá-lọ, a gbọ́dọ̀ wo Loa loa nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó gbé e mì. Ọ̀sán ni kí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ yẹn, láàárín agogo 10 àárọ̀ sí agogo 2 ọ̀sán. Bí ọmọ Loa bá ju 8,000 lọ nínú mL 1, ivermectin lè ṣe ọpọlọ ní jàǹbá. Nítorí náà kò ṣeé pín bíi Panadol.

Ní ti ọ̀dọ́mọkùnrin yìí: ará ìlú ńlá, kò tíì bá omi yẹn pàdé rí, ara yún un lálẹ́ ọjọ́ náà, ara gbígbóná, ikọ́ àti ara sísú bẹ̀rẹ̀ ní bí ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn náà, eosinophil 2.9. Ibà Katayama (ibà Schistosoma tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé) ni mo máa kọ́kọ́ fura sí. Ara ló ń bá ọmọ aràn tó ń dàgbà àti ẹyin àkọ́yé jà. Àwọn ọmọ abúlé tó yí dáàmù náà ká kì í sábà ní irú rẹ̀, torí láti kékeré ni ara wọn ti mọ Schistosoma. Àwọn ni wọ́n máa ń tọ ẹ̀jẹ̀ láìní ibà. Kódà CRP wọn lè dára, eosinophil wọn sì lè sún mọ́ èyí tó yẹ. Ẹ má fi òṣùwọ̀n ọmọ Èkó wọn ọmọ Ìmálà-Odò.

Oògùn rẹ̀ ni praziquantel, 40 mg fún kílò kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá wọn kílò 60, 2,400 mg, ìyẹn hóró 600 mg mẹ́rin, lẹ́yìn oúnjẹ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé aràn tó ti dàgbà ló ń pa. Èyí tó ṣì kéré á yè é, nítorí náà a gbọ́dọ̀ tún un lò ní ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn náà. Bí a bá fún un nígbà tí ara ṣì ń jó báyìí, ìjà náà tún lè le sí i, ibẹ̀ ni prednisolone ọjọ́ díẹ̀ ti wúlò gan-an. Ẹ ò rí i pé oògùn tí dókítà kọ kì í ṣe àṣìkọ? Àkókò rẹ̀ ni kò tíì tó. Kó kọ́kọ́ jẹ́ kí a wá Strongyloides.

Awòsíláìdì

Mo fara mọ́ ọn, àfi ibì kan. Bí aláìsàn bá ń mí gúle tàbí tí orí rẹ̀ ń dàrú, ẹ má fi àyẹ̀wò Strongyloides dá dókítà dúró. Ilé ìwòsàn ńlá ni kó lọ lọ́jọ́ yẹn.

Fún Strongyloides, síláìdì ìgbẹ́ kan kò tó. Ẹ ṣe Baermann (ọ̀nà tí a fi ń jẹ́ kí aràn wẹ̀ jáde láti inú ìgbẹ́). Ìgbẹ́ tuntun, bí 10 g, lórí gọ́ọ̀sì nínú fọ́nẹ́ẹ̀lì tí róbà àti ìdè wà nídìí rẹ̀, omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ kó kan ìgbẹ́ náà, ẹ fi sílẹ̀ fún wákàtí mélòó kan tàbí mọ́jú. Aràn náà á wẹ̀ sínú omi, á sọ̀kalẹ̀ sídìí róbà. Ẹ tú u sínú túùbù, ẹ yí i nínú centrifuge, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ẹ má gbé ìgbẹ́ náà sínú fìríìjì, òtútù ń pa wọ́n. Ẹ má sì jẹ́ kó pé ọjọ́ kan lórí tábìlì, torí ẹyin hookworm á pa, ọmọ rẹ̀ á sì jọ ti Strongyloides. Ẹnu ni kí ẹ wò: ihò ẹnu ọmọ Strongyloides kúrú, ti hookworm gùn.

Fún Schistosoma, ẹ gba ìtọ̀ láàárín agogo 10 àárọ̀ sí agogo 2 ọ̀sán, torí àsìkò yẹn ni ẹyin haematobium ń jáde jù. Ẹ jẹ́ kó sáré díẹ̀ tàbí kó fò sókè-sódò kó tó tọ̀, kó sì tọ̀ títí dé ẹ̀kán ìkẹyìn. Ẹ mi ìtọ̀ náà, ẹ fi sírínjì fa mL 10, ẹ tì í gba ìwé asẹ́ oníhò 12 µm, ẹ gbé asẹ́ náà sórí síláìdì. Ẹyin haematobium ní ìkó ní ìdí. Bí ìkó náà bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, mansoni ni, inú ìgbẹ́ ló sì yẹ kí ẹ máa wá a. Ẹ má fi omi ẹ̀rọ la ìtọ̀ náà, ẹ má gbé e sí oòrùn, ẹyin á pa kí ẹ tó dé ìdí maikirosikóòpù. Tí ìtọ̀ tòní bá mọ́, ẹ tún un ṣe ní ọ̀sẹ̀ 8, 10 àti 12 láti ọjọ́ tó wọ omi. Síríìpù ìtọ̀ tí kò mú ẹ̀jẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ 5 kò túmọ̀ sí nǹkan kan.

Bí ẹ bá fẹ́ tún eosinophil kà lẹ́yìn ìtọ́jú, agogo kan náà tí ẹ fa ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ fa á. Cortisol àárọ̀ máa ń tẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, alẹ́ ló máa ń ga jù. Ó sì lè ga sí i ní ọ̀sẹ̀ kìíní tàbí ìkejì lẹ́yìn praziquantel, torí aràn tó ń kú ń tú èròjà sínú ẹ̀jẹ̀. Ẹ má tìtorí ìyẹn sọ pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Oṣù 3 ni kí ẹ fi ṣe ìdíwọ̀n.

Láàbù-Ẹ̀gbá

Ó yé mi dáadáa. Ohun tí mo kọ fún dókítà nìyí, ẹ bá mi wò ó:

"CRP wà láàárín 48 sí 96 mg/L, ESR 62: ara ń bá nǹkan jà, wọn kò sọ ohun tó fà á. Eosinophil 2.9 × 10⁹/L, a fi ojú kà á lórí 200 sẹ́ẹ̀lì. Kò sí kòkòrò ibà. Aláìsàn wọ omi dáàmù Ọ̀yán ní ọ̀sẹ̀ 5 sẹ́yìn: ẹ fura sí Schistosoma tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Ẹyin tí kò sí nínú ìtọ̀ àti ìgbẹ́ ní àsìkò yìí kò lé e lọ. Baermann ń lọ lọ́wọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró dè é kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ prednisolone, àyàfi bí ara aláìsàn bá le sí i."

Dókítà-Òkè-Ọ̀nà

Ó péye. Ẹ fi ìlà kan kún un: kí dókítà béèrè iye àwọn ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ wọ omi lọ́jọ́ náà, kí gbogbo wọn wá ṣe ìtọ̀ àti eosinophil, títí kan èyí tí kò ṣe àìsàn kankan lára wọn.